Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ní Àbújá: ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ ńkọ́?

Ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ 18 àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin 71 tí ẹ ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Ògùn, Èkìtì àti Èkó lọ ṣojú wa ní Àbújá, mo kí i yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà.

Ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. N kò kọ ọ́ sí gómìnà, n kò sì kọ ọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn kò sí lọ́wọ́ wọn. Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní àkójọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù ló sì wà ní nọ́ńbà 2 nínú rẹ̀. Gómìnà lè dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ó lè ra ọkọ̀ fún wọn, ó lè rán aṣọ fún wọn. Kò lè ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn. Ọwọ́ yín ni iṣu wà, ọwọ́ yín náà ni ọ̀bẹ wà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ ni mí ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gbé gègé lé mi lọ́wọ́. Bí ìlú ṣe le tó yìí, tí wọ́n ń jí àgbẹ̀ gbé lóko, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ lọ́nà, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ńláńlá pé kí ẹ ṣòfin tí yóò jẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ lè gbé ìbọn kiri láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ má bínú, ohun tí mo wá tọrọ kọ́ nìyẹn. Tèmi kéré sí i, ó sì ti pẹ́ tó ti yẹ kó ti ṣe: ẹni tó ti ní ìbọn nílé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ní in, tó fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ẹ la ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti gba ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òfin fúnra rẹ̀, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kà á rí. Ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣe Òfin Ìbọn tí à ń lò títí di òní, kí òmìnira tó dé. Ó pín ìbọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀: arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àdó, àti ìbọn ìléwọ́ pátápátá, bó ti wù kó kéré tó. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ẹnìkan ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò bá yín gba ìwé ìbọn ìléwọ́ ní ọ́fíìsì kan ní ìpínlẹ̀, olè ni. Ìpele kejì ni ti ara ẹni: ìbọn oníkatiríìjì bíi dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, ìbọn ọdẹ aláfẹ́, ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin yọ àwọn ìbọn oníkatiríìjì tó ń fúnra wọn kì ọta kúrò níbẹ̀, ó sì yọ àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìkìta tí èèyàn ń fọwọ́ fà. Ẹni tó bá fẹ́ ra pọ́ńpù, tí ẹnì kan ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò.

Ìpele kẹta ni tiwa. Ṣakabùlà ni, àti gbogbo ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń gba ẹnu kì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò fọwọ́ kan ṣakabùlà rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọdẹ á gbé e dúró lórí ìdí, á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá tín-ín-rín gún un dáadáa, á wá da ọta sí i, á tún fi àkísà dí i. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kápù, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, bọ ibi tí òòlù ìbọn yóò ti lù ú. Bó bá yìn ín tán, kò sí èkejì nínú rẹ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, ọ̀pá lásán ló gbé dání. Bí alágbẹ̀dẹ kò bá sì rọ ọ̀pá rẹ̀ dáadáa, ó lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wá sí ìpàdé wa kan, kí ẹ bọ àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìka kò pé lára ọwọ́ tí ẹ bọ̀.

Kì í ṣe pé ó wù wá kó jẹ́ òun ló kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtìparapọ̀ ti ní ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí, Ìbàdàn sì mọ̀ ọ́n lára. Ní 1890, nígbà tí àgọ́ ogun náà kò tíì tú, àwọn òyìnbó péjọ ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ìbọn ìgbàlódé kò gbọ́dọ̀ máa wọ apá tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, àfi ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí, àti ẹ̀tù lásán. Ìjọba amúnisìn tó dé lẹ́yìn náà tọ ojú ọ̀nà yẹn, ìjọba tiwa-n-tiwa sì jogún rẹ̀ láìyí ohun púpọ̀ padà.

Ṣakabùlà náà ń fẹ́ ìwé lábẹ́ òfin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ọdẹ tó bá wù yín ní Ìgbòho, ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, kí ẹ bi í pé níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé ọ̀hún. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, mo bi í ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ní ti dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì làwọn mọ̀, pé ti ìbílẹ̀, kí n lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò rí mi fín o. Ẹni tó dá mi lóhùn fún mi lága jókòó. Kò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń dúró de ẹni tí kò ní ìwé náà. Ní 1984, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbá Òfin Ìbọn mu, yóò san ìtanràn ₦20,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kó gba méjèèjì. Ibi tó ti ṣàlàyé ohun tó ń pè ní ìbọn, ó ka ìbọn oníkápù mọ́ ọn, ó ka ti olókùúta mọ́ ọn. Bàbá ẹni 70 ọdún tó ń fi ṣakabùlà lé ọ̀bọ nínú oko ẹ̀gẹ́, lórí òṣùwọ̀n kan náà ni òun àti gbọ́mọgbọ́mọ tó gbé AK-47 wà, tó bá ti jẹ́ ti ìbọn níní nìkan.

Òṣùwọ̀n ọ̀hún gan-an kò gún. Ní 1984, owó gidi ni ₦20,000. Lónìí kò ra táyà ọkọ̀ tuntun kan. Adájọ́ kan lè ní kí ọdẹ san owó táyà kó máa lọ sílé, adájọ́ kejì lè kọ ọdún 10 lé ẹlòmíì lórí irú ìbọn kan náà, kò sì sí èyí tó rú òfin nínú àwọn méjèèjì. Aṣòfin wo ló lè sùn lórí irú èyí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá? Mo mọ̀ pé ó dùn láti bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ìlú láti gbé ìbọn. Ẹ̀ka òfin kan tó ti di ìpẹtà kì í dé ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ohun tí irú òfin báyìí ń bí lójú títì kò ju kí agbófinró àti ọdẹ jọ máa wojú ara wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ti inú igbó bọ̀ ní ìdájí lórí ọ̀kadà, ó fi àpò sàká wé ìbọn rẹ̀, ó so ẹtu kan mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n dá a dúró.

"Bàbá, ìwé dà?"

Ó yọ káàdì ẹgbẹ́ ọdẹ jáde, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wa wà níbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ sí i.

"Èyí kọ́ o, bàbá."

"Èwo wá ni, ọ̀gá?"

Ọ̀gá wo ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì wo ojú títì. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, olúọdẹ bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, ìbọn padà wálé. Ẹtu kò padà.

Nǹkan tó dára nínú Òfin 1959 ni pé ó gbìyànjú láti sọ irú ẹni tí kò yẹ kó gba ìwé. Ó ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti lo ìbọn náà, ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu, ìyẹn ọ̀mùtí àti irú wọn, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi láàárín ọdún 5 sẹ́yìn lórí ìwà ipá tàbí ìdẹ́rùbani. N kò ní kí ẹ da èyí nù. Kò sí bàbá ọdẹ kan tí kò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ orí. Òfin Orílẹ̀-èdè ní ọmọ ọdún 18 ló lè dìbò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò tíì pé 18, ọmọdé ni. A wá ní ọmọdé tí kò lè dìbò yàn yín, tó sì lè tọrọ ìwé àṣẹ ìbọn. Ní tèmi, kí ẹ gbé e sí 21. Kí ọmọ ọdẹ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọgbó, kó kọ́ ewé, kó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, kó bá a gbé àpò. Ìbọn lè dúró.

Ojú ńkọ́? Òfin sọ̀rọ̀ nípa ojú, kò sọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọdẹ òru ni púpọ̀ nínú wa, tọ́ọ̀ṣì orí ni wọ́n fi ń wá ojú ẹran. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì rí nǹkan méjì tó ń dán nínú ìgbẹ́, ó yìnbọn. Ẹni ẹlẹ́ni ló ṣubú. Ẹgbẹ́ ọdẹ wo ni kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ní pátákó tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá àti kékeré wo ojú. Kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé kò sí ìwé fún ẹni tí kò bá mú ẹ̀rí wá látibẹ̀, kò sì sí àtúnṣe ìwé láìtún ojú yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìwà ipá wá le díẹ̀. Òfin ń wá ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé wa: ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, ẹbí ló ń pàdé lé e lórí, ìyá ọkọ ló ń bẹ̀bẹ̀, pásítọ̀ tàbí àlùfáà ló ń parí rẹ̀. Kì í dé ilé ẹjọ́. Tí wọ́n bá yẹ ìwé ilé ẹjọ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọdẹ mọ̀ ọ́n. Olúọdẹ mọ ẹni tó ń mutí lówùúrọ̀ àti ẹni tí kì í mutí àfi nílé àna. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fún ẹgbẹ́ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe láti fọwọ́ sí ìwé, láti lè sọ pé rárá. Kí ẹ̀rí olúọdẹ àti ti obìnrin ilé ẹni náà wà nínú ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi yóò bínú sí mi lórí ti obìnrin ilé, mo mọ̀. Kí wọ́n bínú.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ ojú kan tí gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ọlọ́pàá wá sí ibẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò tiwọn, kí wọ́n fi nọ́ńbà gún irin ìbọn náà, kí nọ́ńbà kan náà wà lórí káàdì. Kí alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀ tí yóò wo ọ̀pá ìbọn bóyá ó ti ń sán. Kí owó rẹ̀ má ju ohun tí ọdẹ lè rí lórí ẹran kan lọ, torí bí ìwé bá wọ́n ju ìbọn lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbà á.

Ẹ má gbàgbé ogún. Ìwé àṣẹ ìbọn, orúkọ ẹnìkan ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kú nílẹ̀ yìí, a óò ṣe ìṣípà fún un, a óò sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìbọn olóògbé yóò sì wà lórí àjà níbi tó fi í sí. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn kò fẹ́ ẹ, èyí tó wà nílé kò kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdún 9 sì mọ ibi tó wà. Bí wọ́n bá gbé e lọ fún ìjọba, wọ́n lè bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i. Kí òfin fún ilé olóògbé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n lè gbé e wá láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè, tàbí kí ọmọ tó bá yẹ gba ìwé lórúkọ ara rẹ̀.

Ní ti àbá pé kí gbogbo èèyàn máa gbé ìbọn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Àwọn tó ń fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ ń gbàgbé pé inú òfin ìpìlẹ̀ wọn ló wà láti 1791. Tiwa kò sọ irú rẹ̀. Ohun tí abala 33 tiwa sọ ni pé bí ẹnìkan bá kú níbi tí a ti ń lo ipá tó mọ ní ìwọ̀n láti gba ẹ̀mí tàbí dúkìá là lọ́wọ́ oníwà ipá, a kò ní kà á sí pé a gba ẹ̀tọ́ ìwàláàyè rẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹni tó yìnbọn lu olè tó ti kẹ́yìn sí i tó ń sá lọ yóò ṣàlàyé ẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́, ìwé àṣẹ ì báà wà lápò rẹ̀. Tí ẹ bá sì ti rí bí awakọ̀ méjì ṣe ń bú ara wọn nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ọ̀jọ̀ọ́ ní ọ̀sán gangan, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìbọn lábẹ́ ìjókòó.

Ti Àmọ̀tẹ́kùn yàtọ̀. Láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020 tí wọ́n ti ṣí i ní Ìbàdàn ni a ti ń fa ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n lè gbé dání. Lẹ́yìn ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, Ọlọ́run kó dẹlẹ̀ fún un, ké gbàjarè pé kò yẹ kí àwọn apànìyàn gbé AK-47 kí ẹ̀ṣọ́ ìlú wá máa fi èyí tí kò tó nǹkan kò wọ́n lójú. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba gbà, tó ń jẹ owó oṣù, tó ní ọ̀gá tó lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí òfin fún un ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn sínú àbá tirẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá so ti ọdẹ mọ́ ti Àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú gbogbogbòò ni yóò dà, ti ọdẹ á sì wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan, ọwọ́ mi ló wà. Mo ní ìwé kan tí mo kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa sí, ọjọ́ orí wọn, irú ìbọn tí wọ́n ní, alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, ẹni tí ojú ń dùn, ẹni tó ti kú tí ìbọn rẹ̀ ṣì wà nílé. Irú ìwé tí ìjọba ń sọ pé òun ń wá nìyí. Agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí ẹ̀sùn lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ yìí o." Ó sọ òótọ́. Lábẹ́ òfin 1984, kò sí orúkọ kan níbẹ̀ tí wọn kò lè tìtorí rẹ̀ kàn ilẹ̀kùn lóru. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní àyíká wa ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró nítorí èyí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fún wa ní ọdún kan nínú òfin, tí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ṣakabùlà rẹ̀ wá fún àkọsílẹ̀ kò ní di ọ̀daràn nítorí pé ó wá. Bí ẹ bá fi èyí lélẹ̀, mo mọ̀ pé olúọdẹ wa ni yóò kọ́kọ́ tò sí orí ìlà, màá sì gbé ìwé mi wá sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ kan, Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.